Orí Kẹrin: Ìdáná àti Ilé Gbígbé Nínú Agboolé Ẹdẹ

Bí àlejò bá wọ agboolé kan ní Ẹdẹ nírọ̀lẹ́, tó bá ìyàwó ilé nídìí àmàlà, ó lè rò pé iṣẹ́ oúnjẹ náà kò tó nǹkan. Omi hó, wọ́n da èlùbọ́ sí i, wọ́n fi orógùn rò ó, ó jinná. Ṣùgbọ́n iṣu tó di èlùbọ́ náà ti wọ omi gbígbóná, ó ti sun inú omi mọ́jú, oòrùn sì ti pa á fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dé ẹ̀rọ ìlọta. Irú tó ń ta sánsán nínú ọbẹ̀ ti lo ọjọ́ bíi mélòó kan lábẹ́ aṣọ àti ewé. Ògì tí àwọn ọmọ yóò mu láàárọ̀ ọ̀la ti ń kan nínú ìkòkò láti ìjẹta. Oúnjẹ ilé wa rọrùn láti sè nítorí pé àwọn ìyá wa ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ebi tó dé. Ìmọ̀ ni iṣẹ́ àṣesílẹ̀ yìí, òun sì ni a ó fara balẹ̀ kọ́ nínú orí yìí: ohun tí wọ́n ń ṣe, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́, àti ibi tó ti yẹ ká tún un ṣe.

Ìlú àti agboolé

Ẹdẹ wà lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, kò jìnnà sí Òṣogbo. Ìtàn sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná wá síbẹ̀ láti ṣọ́ ojú ọ̀nà, títí dòní sì ni Tìmì jẹ́ oyè ọba ìlú náà. Ẹdẹ-Ilé ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí kí wọ́n tó ṣí wá sí ibi tí ìlú wà báyìí. Ojú irin tó ti Èkó bọ̀ gba Ẹdẹ kọjá, ó dé Òṣogbo ní 1907, ọjà òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ láti ayé Tìmì Abíbù Lágúnjù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́ lóṣù Ràmàdáánì, tí wọ́n sì ń kó oúnjẹ ìṣínu ránṣẹ́ láti ilé dé ilé nírọ̀lẹ́.

Agboolé ni ọ̀pọ̀ ilé tó yí àgbàlá kan ká, tí àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi ìjókòó àti ìgbàlejò. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò, odó, kànga àti ọgbà ẹ̀fọ́ máa ń wà. Ìyáálé ló ń darí ìdáná. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Á sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán tàbí Eyínmẹ́nugún, á sì máa fi orúkọ náà bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá nídìí ààrò gbọ́dọ̀ kí wọn pé, "Ẹ kú ìdáná o." Bí wọ́n bá sì ní kó wá jẹun, tí kò bá fẹ́ jẹ, ohun tí yóò sọ ni pé, "Á gba ibi ire o."

Ògì àti ẹ̀kọ

Àgbàdo ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ṣe ògì, àwọn kan sì ń lo ọkà bàbà. A ó ṣa á, a ó fọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ̀ ọ́, a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Eèrí tó kù nínú asẹ́ di oúnjẹ ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ògì yóò sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, omi kíkan yóò lé sókè. Omidùn là ń pe omi yìí, òun ni àwọn àgbà fi ń rẹ egbò àti èèpo igi fún àgbo.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà? Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà lára ọkà àti nínú afẹ́fẹ́. Àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé wọn kan ní Lactobacillus, irú èyí tó ń sọ wàrà di kíkan. Wọ́n ń jẹ lára ṣúgà inú àgbàdo, wọ́n sì ń tú kíkan jáde. Kíkan yìí ló ń lé àwọn kòkòrò tó lè dá inú rú. Nítorí náà, ògì tó kan dáadáa kò tíì bàjẹ́. Kíkan rẹ̀ gan-an ló ń ṣọ́ ọ. Bí a bá ń da omi orí rẹ̀ nù lójoojúmọ́, tí a ń bu omi tó mọ́ sí i, yóò pẹ́ nílẹ̀ láìsí ẹ̀rọ amómitutù.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú purotéènì, ìyẹn èròjà tó ń kọ́ ẹran ara, ló ń bá eèrí lọ. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ nìkan ló ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ikùn rẹ̀ lè kún, kí ara rẹ̀ má sì dàgbà. Dókítà David Morley, ará Bìrìtìkó, rí èyí dáadáa nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, láti 1956 títí di 1961. Ó ń bẹ àwọn ọmọdé wò ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọn ìwúwo wọn lóṣooṣù, ó sì ya ìlà ìdàgbàsókè wọn sórí káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti wá kárí ayé. Ó ṣeé ṣe kí ti ẹ̀yin náà wà nínú àpótí ìyá yín. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ṣe ògì tí wọ́n po mọ́ ẹ̀wà sóyà láti fi dí àlàfo yìí.

Àwọn àgbà ti ní ọgbọ́n tiwọn lórí èyí. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ dá nìkan lọ: àkàrà ni, tàbí mọ́ínmọ́ín tí àwọn mìíràn ń pè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹ̀wà ń dá ohun tí eèrí kó lọ padà. Ẹni tó bá mu ẹ̀kọ pẹ̀lú ṣúgà nìkan ti fi ìdajì ọgbọ́n náà sílẹ̀.

Àṣà kan tún wà tó yẹ kí n bá wí gbangba. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì gbà pé bí a bá ń fún ọmọdé ní ẹyin tàbí ẹran tó tóbi, yóò jalè lọ́la. Kì í ṣe òótọ́. Ọmọ tó ń dàgbà ló nílò ẹyin jù nínú ilé, àgbàlagbà tó jókòó ti egungun àti ẹran ńlá lè fara mọ́ díẹ̀. Ìwà rere wà lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ilé, kò sí lọ́wọ́ ẹran tí a fi du ọmọ.

Oòrùn: gbódo, èlùbọ́ àti ẹ̀wà

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá nígbà ọyẹ́, ni sísá iṣu dára jù lọ. A ó bẹ iṣu, a ó gé e, a ó fi sínú omi gbígbóná tí kò hó dé ibi tí iṣu yóò fi jinná, a ó bò ó mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì a ó sá a sórí àpáta, ẹní tàbí páànù títí yóò fi gbẹ tó máa dún bí igi bí a bá fi méjì kan ara wọn. Gbódo nìyẹn, bí a bá lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́. Àwọ̀ dúdú tí àmàlà ń ní wá láti ara àwọn èròjà inú iṣu tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn wọ́n. Kò sí aró kankan nínú rẹ̀.

Omi tí oòrùn gbà lára iṣu ló jẹ́ kó pẹ́. Kòkòrò àìfojúrí kò lè gbé níbi tí kò sí omi. Bí òjò bá wá pa gbódo tí kò tíì gbẹ, yóò bu, ẹ óò rí funfun tàbí àwọ̀ ewé lára rẹ̀. Irú èyí kò ṣeé nù kí a sì lọ̀. Oró tí èébu kan ń pèsè, èyí tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná lásán kò sì lè pa á tán. Ẹ dà á nù.

Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ ti Bìrásílì wá sí ilẹ̀ wa, àwọn ará Pọtogí ló gbé e dé etíkun Áfíríkà. Èròjà tó ń di májèlé wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni kò fi yẹ kí a máa kánjú sí gaari. Rírin, kíkan fún ọjọ́ bíi mélòó kan, fífún omi rẹ̀ jáde àti yíyan lórí iná ló ń lé májèlé náà lọ. Gaari tí wọ́n rin lónìí tí wọ́n yan lọ́la nítorí owó kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ní ti ẹ̀wà, kòkòrò wéwé ni ọ̀tá rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ń sá ẹ̀wà dáadáa, wọ́n ń po ata gbígbẹ mọ́ ọn nínú kèrègbè tàbí agolo tí wọ́n dé pa. Àwọn kan lónìí ń da apakòkòrò olómi tí wọ́n ń pè ní dichlorvos sí ẹ̀wà tí èèyàn yóò jẹ. Ikú ni wọ́n ń pè. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré apakòkòrò yìí, nítorí àwọn tó ń ṣì í lò sí oúnjẹ àti àwọn tó ń fi gba ẹ̀mí ara wọn. Bí ẹ bá ra ẹ̀wà tí òórùn rẹ̀ kò yé yín, ẹ má sè é.

Irú

Nínú gbogbo ohun tí ilé Yorùbá ń ṣe, mi ò rí èyí tó jinlẹ̀ tó irú. Wóró èso igi irúgbá le bí òkúta. A ó sè é mọ́jú, nígbà mìíràn ju wákàtí 12 lọ, kí èèpo rẹ̀ tó lè bọ́. A ó gún un jẹ́jẹ́ tàbí kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú omi, a ó ṣàn án títí èèpo yóò fi lọ tán, a ó tún un sè. Lẹ́yìn èyí, a ó dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ewé sí, a ó fi aṣọ bò ó kí ooru má lọ. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ óò rí i pé ó ń gbóná fúnra rẹ̀, láìsí iná lábẹ́. Kòkòrò àìfojúrí mìíràn, Bacillus subtilis, ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò dà bí ti ògì: kì í mú irú kan, purotéènì ló ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni òórùn líle àti adùn yẹn ti ń wá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, a ó fi iyọ̀ sí i. Èyí tí wóró rẹ̀ dá dúró ni irú wóró. Èyí tó rọ̀ pọ̀ ni irú pẹ̀tẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe èyí kò ní ẹ̀rọ amúǹkantóbi lọ́wọ́. Ó mọ ooru, ó mọ ewé, ó mọ ọjọ́, ó sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìyá tó ń ta irú ní Ọjà Tìmì lónìí ń fi òórùn nìkan mọ èyí tó ti tó àti èyí tó ku ọjọ́ kan. Irú ìmọ̀ yẹn yẹ kó wọ yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Máàgí ti gba ipò irú nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò. Ó yá, kò sì rùn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, gbogbo oúnjẹ rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, tó tún fọ́ máàgí mẹ́ta sí i, ti lè kọjá ààlà kó tó di alẹ́. Irú ń mú ọbẹ̀ dùn, ó sì tún ń fi oúnjẹ gidi kún un.

Ewé

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, ewúro: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń hù lẹ́yìnkùlé láìná ẹnikẹ́ni lówó. Ohun méjì ni kí ẹ rántí. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, nítorí tí ẹ bá gé e tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, omi ni yóò kó èrè rẹ̀ lọ. Ẹ má sì sè é pẹ́, nítorí iná ń pa fítámì C. Kán-ún tí a ń fi sí ewédú kó lè yọ̀ dáadáa ń ba àwọn fítámì kan jẹ́, kí ó kéré. Ìjábẹ̀ tó dára lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ náà ní ìtàn. Ewé eéran ń hù lábẹ́ igi ńlá nínú igbó ọ̀rinrin. Lára igi ewé yìí kan náà ni èso pupa kan ń so nísàlẹ̀, tí adùn inú rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ lọ́nà ẹgbẹ̀rún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands yọ èròjà náà jáde ní 1972, wọ́n sọ ọ́ ní thaumatin, ó sì ti di ọjà káàkiri ayé. Lọ́dọ̀ wa, ńṣe là ń fi ọ̀rá rọ́pò ewé náà. Ọ̀rá tí a gbé sínú omi híhó lè tú kẹ́míkà sínú oúnjẹ, bí a bá sì jù ú nù, kò ní jẹrà. Bí ewé bá wọ́n, ẹ lo agolo tàbí abọ́.

Omi, ọṣẹ àti orín

Àmù tí a fi amọ̀ mọ ń mú omi tutù, nítorí omi díẹ̀ ń gba ara rẹ̀ yọ síta, bó sì ṣe ń gbẹ lára àmù ló ń gba ooru lọ. Olùkọ́ ará Nàìjíríà kan, Mohammed Bah Abba, ló fi ọgbọ́n yìí ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, ó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, kí tòmátì àti ẹ̀fọ́ má bàa tètè bàjẹ́ níbi tí kò sí iná mànàmáná. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2000 nítorí rẹ̀.

Àmù kò lè sọ omi tó ti dọ̀tí di mímọ́ o. Wíwa góòlù ní agbègbè Iléṣà ti ba odò Ọ̀ṣun jẹ́, omi tó ń ṣàn wá ti pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni síse omi kò lè mú èròjà irin olóró kúrò nínú rẹ̀. Omi kànga ní tirẹ̀, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún, kí kànga náà sì jìnnà sí ilé ìyàgbẹ́.

Ọṣẹ dúdú ń wá láti inú eérú àti àdín. Eérú èèpo kòkó dára jù fún un, nítorí èròjà potassium pọ̀ nínú rẹ̀. A ó sẹ́ omi eérú náà, a ó sè é pẹ̀lú àdín títí yóò fi dì. Orín ata tí a fi ń rin ẹnu láàárọ̀ wọ ìwé ìwádìí ní 1971, nígbà tí Sofowora àti Isaacs láti Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ọ́ pé omi egbò rẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé nínú ìgò àyẹ̀wò padà sí bó ṣe yẹ. Èyí kò sọ orín di oògùn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó ní àrùn náà kò gbọ́dọ̀ fi dókítà sílẹ̀ nítorí àgbo, ẹni tó sì ń mu àgbo kí ó sọ fún dókítà rẹ̀.

Iná àti èéfín

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín ààrò ń pa èèyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé pa èèyàn mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní 2020, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì lé ní 237,000 nínú wọn. Ìyá tó ń dáná àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn ló ń fa èéfín náà símú jù. Ojú pípọ́n àti ikọ́ tí a mọ̀ mọ́ àwọn ìyá àgbà kì í ṣe àmì ọjọ́ orí nìkan.

Nítorí náà, èmi ò ka èéfín mọ́ ohun àjogúnbá tó yẹ ká pa mọ́. Ògì lè kan, irú lè gbóná, gbódo lè gbẹ, láìsí ẹni tó ń sunkún nídìí iná. Ilé tó bá lágbára gáàsì, kó lò ó: kí sílíńdà wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí wọ́n sì fi omi ọṣẹ yẹ ẹnu rọ́bà rẹ̀ wò, kí wọ́n má fi ìṣáná yẹ̀ ẹ́ wò láé. Ilé tó jẹ́ igi ló lè rà, kí igi náà gbẹ dáadáa, kí ààrò wà ní ìta gbangba, kí wọ́n dé ìkòkò, kí wọ́n rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí ó lè tètè jinná. Igi tí a kò fi dáná ni igi tí ó ṣẹ́ kù nínú igbó.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìdí tí ògì fi ń kan tí irú kì í fi í kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

2. Kí ló dé tí ẹ̀kọ nìkan kò fi tó fún ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú? Dárúkọ oúnjẹ méjì láti ẹ̀yìnkùlé tàbí ọjà àdúgbò rẹ tí a lè fi kún un.

3. Rẹ ìwọ̀nba àgbàdo díẹ̀ sínú ìkòkò méjì. Máa pààrọ̀ omi ọ̀kan lójoojúmọ́, kí o má pààrọ̀ ti èkejì. Kọ òórùn àti àwọ̀ wọn sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Má ṣe tọ́ ọ wò.

4. Bi ìyá àgbà kan ní agboolé yín léèrè bó ṣe ń mọ̀ pé irú tàbí gbódo ti tó. Kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí o sì kà á fún un kí o tó mú un wá sí kíláàsì.

5. Lọ wo ààrò ilé yín nígbà tí wọ́n bá ń dáná. Ya àwòrán ibi tí èéfín ń gbà, ibi tí aláṣè ń jókòó sí àti ibi tí ọmọdé máa ń wà, lẹ́yìn náà fa ìlà sí ibi tí ìwọ yóò ṣí ààrò náà lọ.